Àpò Òwú Mẹ́rìnlá

Friday ọlọ́kadà ló gbé lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ajé. Ó fun fèrè lójú ọ̀nà, kò tilẹ̀ pa máṣíìnì rẹ̀, ó kàn kí i, ó na ìwé náà síta. "Okun o, Bàbá! Wọ́n ní n fún yín lọ́wọ́ ara yín o." Josiah nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gbà á. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń kàwé tó bá ti gbé e jìnnà sí imú díẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí Martha ìyàwó rẹ̀ bu omi wá. Nígbà tó kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta, omi náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì mu ún.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ mọ iye òwú tó kù nílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, àti bó ṣe ń pọ̀ tàbí bó ṣe ń dín kù láti ọdún pípẹ́ wá. Wọ́n ní nínú ìwé àwọn, àpò mẹ́rìnlá wà ní sítọ́ọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Josiah ń tọ́jú. Òṣìṣẹ́ kan ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá kà á, kó sì wọ̀n ọ́n. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni kò jẹ́ kó rí omi náà mu: bí ohunkóhun bá dín, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni yóò sọ ibi tó gbé e gbà, bí kò bá sì rí i sọ, wọn yóò fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹnì kan tó ń jẹ́ O. Ọláníran, ọ̀gá ọ́fíìsì wọn ní Kabba, ló fọwọ́ sí i.

Àpò tó kù nínú sítọ́ọ̀ náà, ọ̀kan ni. Ọ̀kan yẹn gan-an kò kún.

Ẹ má tíì pè é lólè o. Ẹ ṣe sùúrù kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé òwú ló ń bọ́ wa ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ Kiri níbí. Lọ́dún 1974 tí Josiah gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ náà, géńdé ọkùnrin ni, kò tíì gbéyàwó. Àwọn àgbẹ̀ ń ru òwú wá láti oko, àwọn mìíràn ń dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹni tó bá sì wọ inú sítọ́ọ̀ nígbà yẹn, sísín ló máa sín jáde. Lọ́dún 1977, irínwó àpò ló ṣì kù nílẹ̀ nígbà tí wọ́n parí ìwé ọdún, lẹ́yìn tí lọ́rì ti kó, kó, kó, tó rẹ dírẹ́bà. Lọ́dún 1985, ó ku igba. Nígbà tó fi máa di 1992, ọgọ́ta ni, torí àwọn àgbẹ̀ ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà lórí ara wọn: ẹ̀gẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá rà, èèyàn á jẹ ẹ́, òwú tí ẹnikẹ́ni kò bá rà, kí lèèyàn fẹ́ fi í ṣe? Wọ́n yà sídìí ẹ̀gẹ́, wọ́n yà sídìí kajú. Lọ́dún 1999, lọ́rì tó wá kẹ́yìn kó èyí tó dára, ó fi àpò mẹ́rìnlá sílẹ̀. Dírẹ́bà ní àwọn máa padà wá kó ìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì dé di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Owó oṣù Josiah dáwọ́ dúró lọ́dún kejì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó wá gbà á. Fọ́ọ̀mù náà kò sì dáwọ́ dúró! Ní gbogbo ìparí ọdún, fọ́ọ̀mù á ti Kabba dé, wọ́n á ní kó kọ iye òwú tó kù, Josiah á kọ ọ́ pẹ̀lú báírò, á fi rán ẹni tó bá ń lọ ìgboro. Ẹlòmíì ì bá ti ju kọ́kọ́rọ́ sí odò. Àwọn èèyàn kan wà ṣá, tí o bá ní kí wọ́n bá ọ di ẹran mú kí o yà sẹ́yìn ilé, tí o bá gbàgbé wọn síbẹ̀, wọ́n á di ẹran yẹn mú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Josiah nìyẹn.

Ìgbà òjò ọdún 2000 lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Alájì tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò kú ní ìdájí, omi sì ti gbé afárá lọ, kò sí bí èèyàn ṣe lè dé Kabba. Àwọn mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kò sì sí bí èèyàn ṣe máa sin òkú láìfi òwú dí i nímú, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́. Wọ́n wá òwú jákèjádò abúlé tí a ti ń fi lọ́rì kó òwú yìí, wọn ò rí ẹ̀kúnwọ́ kan. Ni Alájì bá wá dúró níwájú sítọ́ọ̀. Omi òjò ń kán lára rẹ̀. Josiah wo ojú rẹ̀, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ Josiah ni wọ́n máa ní kó lọ. Àwọn mùsùlùmí, díẹ̀ tí wọ́n á fi lọ́fínńdà sí ni wọ́n ń gbà. Àwa onígbàgbọ́ ń gba ti imú, a tún ń gba ti ìrọ̀rí inú pósí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ já òwú, ta ló máa wá gbé orí rẹ̀ lé fóòmù? Fóòmù ti ìdí àga! Josiah kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ju pé, "Ta ni?"

Ìwé rẹ̀ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ìwé ńlá tí ìjọba fún un ní àyè mẹ́rin: èyí tó wọlé, èyí tí a tà, èyí tí lọ́rì kó lọ, èyí tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyá Alájì kú, Josiah ṣí ìwé náà, ó mú báírò dání, ó jókòó tì í títí tíì inú ife rẹ̀ fi tutù. Kò ta òwú náà. Lọ́rì kò kó o. Kò bàjẹ́. Kó sì tún wá kọ orúkọ òkú aládùúgbò rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi ń ra òwú tí wọ́n fi ń ta òwú, lójú tirẹ̀, ìwà àìlójútì gbáà nìyẹn. Ló bá pa ìwé dé. Nígbà tí ọdún parí, kò sí nǹkan kan nínú àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí nǹkan kò bá wọlé, tí nǹkan kò sì jáde, mélòó ló kù? Mẹ́rìnlá. Ó kọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó tún kọ ọ́. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni ọkùnrin tí kì í parọ́ yìí kọ mẹ́rìnlá, àpò sì ń tán lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé òwú orílẹ̀-èdè, mẹ́rìnlá wa wà níbẹ̀ rẹ́gírẹ́gí, ó bá ti àwọn ará òkè Ọya tò sórí ìlà.

Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni kí wọ́n pè é lólè lójú ayé kó tó kú, òun tó ń ka bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, òun tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Friday ló kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn. "Bàbá, kí lẹ̀ ń ronú sí? Èèpo ìrẹsì kún ẹ̀yìn ilé ìlọrẹsì. Ẹ jẹ́ ká ki í sínú àpò mẹ́tàlá, ká fi òwú díẹ̀ bò ó lẹ́nu. Ta ló fẹ́ tú u?" Josiah kàn ń wò ó, ó ń wò ó, títí Friday fi rántí pé èrò kan ń dúró de òun ní gáréèjì.

Ti Martha ló ṣòro láti kọ̀. "Sọ pé eku ni," Martha sọ bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ Ajé, ó tún un sọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Eku wà nínú sítọ́ọ̀ yẹn, irọ́ ni? Àyè èyí tó bàjẹ́ wà nínú ìwé, ìwọ náà ò tíì fi ṣe nǹkan kan rí. Kọ mẹ́tàlá síbẹ̀ kí o sinmi. Ṣé wọ́n máa pe eku wá jẹ́rìí ni?"

Ìmọ̀ràn náà dára, kí n má parọ́. Josiah gbé ìwé ńlá síta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ti fi ẹnu báírò kan àyè kẹrin. Àfi bí Success, obìnrin kan ládùúgbò wa, ṣe ń kọjá lọ sóko, ó ru báàfù. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí báàfù má baà dà, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá." Josiah ní, "Okun o, ọmọ mi." Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni Success wá sí sítọ́ọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ló kú, ọmọ oṣù méje ni, kò gba ìrọ̀rí, ẹ̀kúnwọ́ kan ló tó o. Josiah wo ẹ̀yìn Success títí ó fi yà sí ọ̀nà oko. Ó wo ìwé. Bí òun bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé eku jẹ ẹ́, ti ọmọ Success wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó dé ìdérí báírò, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́rú, ó ní kí Friday ra ìwé àkọsílẹ̀ kan wá, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá Alájì. Ọdún, oṣù, orúkọ, ohun tí wọ́n gbà, ẹni tó wá gbà á. Martha kọ́kọ́ ń ṣépè fún eku, fún ìjọba, àti fún orí kunkun ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé àpótí wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"O ti fo ìyá Bùsọ́lá."

"Mi ò fò ó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ níbẹ̀ ni."

"Ṣáájú àwọn ìbejì ni."

Josiah ronú díẹ̀. "Òótọ́ ni," ó sì pa ìlà kan rẹ́.

Wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi di ti alẹ́. Nígbà tí wọ́n kà á, ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta ni gbogbo wọn. Martha ní òun ò mọ̀ pé àwọn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá lọ́jọ́bọ̀, Friday gbé òṣìṣẹ́ náà dé. Obìnrin ni, Folúkẹ́ lorúkọ rẹ̀, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó fi ìwọ̀n sínú báàgì, eruku sì ti bo ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Josiah, ó kí Martha, ó mu omi, ó ní kí wọ́n dákun jẹ́ kí òun tètè ṣe é, òun ṣì ní ibi méjì láti dé. Josiah ṣí sítọ́ọ̀. Inú rẹ̀ mọ́, ó gbá a lójoojúmọ́ ni. Pákó tí wọ́n ń to àpò lé wà nílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òfìfo. Ní igun, àpò kan dá jókòó.

Folúkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àwọn yòókù ńkọ́, Bàbá?"

"Wọ́n ti lọ."

Folúkẹ́ sún mọ́ igun náà. Ó gbé àpò náà kọ́ sórí ìwọ̀n: kílò mọ́kàndínlógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bàbá, gbogbo ibi tí mo ti dé, bákan náà ni. Eku ni, àbí? Ẹ ṣá sọ pé eku ni, mo máa kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán."

Martha wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ikọ́ náà kì í ṣe ikọ́ àìsàn.

"Eku kọ́," Josiah dáhùn. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó o síta." Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ náà yọ lápò, ó fún un.

Folúkẹ́ ka ojú ìwé kìíní ní ìdúró. Ó ka èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀, kò rántí pé aṣọ òun funfun. "Mo gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá mi," ló sọ nígbẹ̀yìn.

Lábúlé wa, ibi kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, ìdí ògiri sítọ́ọ̀ náà ni, àfi kí èèyàn na fóònù sókè. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí fóònù fi ń sọ̀rọ̀ síta, tí gbogbo wa tó wà ní àgbàlá sì gbọ́ ohun tí Ọ̀gá Ọláníran sọ.

"Mẹ́tàlá? Mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá?"

"Wọ́n ní òkú ni wọ́n fi sin, sà."

"Òkú wo? Olè ni bàbá yẹn! Ta ló máa bi òkú?"

Josiah gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ níwájú sítọ́ọ̀ rẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀, lójú Friday. Ó wá ibi tó máa fi ọwọ́ lé, ó fi lé ògiri. Ohun tó ń sá fún láti ọjọ́ Ajé ti dé bá a nílé, ojú sì tì í débi pé kò lè wo Martha.

"Wọ́n kọ orúkọ wọn, sà. Ó ju ọgọ́sàn-án lọ."

"Ta ni ò lè jókòó kó kọ orúkọ? Ka díẹ̀ ká gbọ́."

Folúkẹ́ ṣí ìwé níbi tó bá ṣí. "Ọdún 2009, oṣù kẹta. Ìyá Bùsọ́lá. Ìrọ̀rí kan, ti imú. Bùsọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá. Oṣù kẹfà, àwọn ìbejì ilé alágbẹ̀dẹ. Ìrọ̀rí kékeré kan, orí méjèèjì ni wọ́n gbé lé e. Oṣù kẹsàn-án, Tíṣà Joseph. Ìrọ̀rí ńlá kan, ti imú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti Lọ́kọ́ja dé nínú òjò ló wá gbà á. Bàtà rẹ̀ kan ti rì sínú ẹrẹ̀. Mo bọ́ sílípáàsì mi fún un, aláwọ̀ ewé."

Fóònù dákẹ́. Folúkẹ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ó tún nà án sókè sí i. "Hẹ́lò, sà? Hẹ́lò?"

"Mo wà níbí." Ohùn náà ti yàtọ̀. "Ka ti ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún un kà.

"Bàbá ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́," Josiah ní, kò kúrò lára ògiri.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ta ni?"

"Ọmọ Tíṣà. Ọpẹ́dayọ̀. Èmi ni mo wọ sílípáàsì yẹn lọ sí Lọ́kọ́ja."

"Yéè!" Martha ti já síta kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ Tíṣà!"

"Ìwọ lò ń jẹ́ Ọláníran?" Josiah bi í.

"Orúkọ bàbá mi ni, sà."

"Àwa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà là ń pè é."

"Wọ́n kàn ní kí n lọ gba òwú lọ́dọ̀ bàbá kan ni. Mi ò bèèrè pé òwú ta ni. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò bèèrè rí. Mo pè yín lólè, sà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo bínú," Josiah sọ fún un, torí kì í parọ́. "Inú ń bí mi gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Tíṣà ni ọ́, ó máa lọ."

A gbọ́ tí ọ̀gá náà fun imú lọ́hùn-ún. "Folúkẹ́, àyè mélòó ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn?"

"Mẹ́rin, sà."

"Fà á di márùn-ún. Kí o kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe rí, kí o sì so ìwé àkọsílẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, sọ pé èmi ni kí wọ́n bi. Èyí tó kù, kí Bàbá máa tọ́jú rẹ̀ lọ."

Folúkẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ fa ìlà. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà ni. "Kí ni kí n kọ sórí rẹ̀, Bàbá?"

Josiah kò ronú rárá. "Kọ pé, èyí tí a fi sin àwọn èèyàn wa."

Ó kọ ọ́, ó kọ mẹ́tàlá sábẹ́ rẹ̀, ó wá fún Josiah ní báírò pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó kù. Mẹ́rìnlá ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára, òun ló fẹ́ kọ. Ó dá a dúró, ó kọ ọ̀kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún kó má baà ba ìwé jẹ́. Ní ti Friday, ó ti lọ ń yẹ táyà tí nǹkan kan ò ṣe wò.

Folúkẹ́ ti di ìwọ̀n rẹ̀, ó ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, nígbà tí fóònù rẹ̀ tún dún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ sídìí ògiri, ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ bá mi bi Bàbá," Ọ̀gá Ọláníran ní, "nọ́ńbà mélòó ni sílípáàsì wọn?"

"Mẹ́tàlélógójì," Josiah dáhùn.

"Mẹ́rìnlélógójì ni o!" Martha pariwo láti ìdí ààrò. "Ẹ má gba nọ́ńbà kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́!"